Ẹ jẹ́ ká mọ̀: ta ló pinnu bí ojúbọ Ọ̀ṣun ṣe rí?

Ẹ̀yin ará Òjòwò, bí iṣẹ́ ìlú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa rí? Ẹ wo Òṣogbo.

Nígbà tí ikán ti ń jẹ àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun run, àwọn olórìṣà ké sí Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Kò jókòó ya àwòrán kó tó wá háyà lébìrà o! Ẹ wo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni; Kàsálì Àkàngbé, agbẹ́gilére ni. Amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti igi ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, ọwọ́ kálukú sì hàn lára tirẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn: bíríkìlà di ẹni tó ń pinnu.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé òyìnbó ló kó àrà tirẹ̀ wọ igbó wa. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé. Wenger kú ní 2009, àmọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tún àwọn ère náà ṣe lọ.