Ẹja Márùn-ún

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyanu tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, inú ẹnu ọmọ ènìyàn ló wà.

Ṣáínà ni, ní ìlú Shanghai. Bí ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ pe márùn-ún ní èdè ìlú rẹ̀, kò ní la ẹnu rárá. Ẹ wí pé, "Ilé ńkọ́?" Ẹ gbọ́ "ń" tó ṣáájú "kọ́", èyí tó ń gba imú jáde? Òun nìyẹn, kìkì pé ìsàlẹ̀ ni ohùn tiwọn ti ń gòkè bọ̀. Bó bá wá fẹ́ pe ẹja ńkọ́? Ohun kan náà ni yóò pè, kò sí ìyàtọ̀.

Ẹ wá bá mi ré òkè kọjá lọ sí Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ja ogun Hitler ní 1944. "Ngá" ni márùn-ún níbẹ̀. Ẹja? "Ngá" náà ni!

Kì í ṣe èèṣì. Ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì, nínú ẹbí kan tí èdè inú rẹ̀ tó bí 400. Tìbẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀: "nga" ni márùn-ún tiwọn, "nya" ni ẹja. Ní Beijing, imú ti bọ́ kúrò lára márùn-ún, ó ku "wu". Ní 2019, onímọ̀ èdè Laurent Sagart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin jéró ní àríwá Ṣáínà, ní nǹkan bí 7,200 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n sọ èdè tó bí gbogbo wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ohùn. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í rú lójú, a lè rò pé ohùn ni àmì ẹbí. Àwọn onímọ̀ sọ pé èdè Ṣáínà àtijọ́ kò ní ohùn; kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀ ló bọ́ dànù, tí ohùn sì jókòó sípò wọn. Fiẹtináàmù tó ń fi ohùn sọ̀rọ̀ bíi Ṣáínà, tó sì yá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá a tan. Ìbátan èdè Kàm̀bódíà ni, èyí tí kò ní ohùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹja wa. Lọ́jà Bọ́mà, ẹni tó fẹ́ ra ẹja márùn-ún á ní "ngá ngá", kó tó fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka ẹran kún un. Ẹja ló ń ṣáájú, iye á tẹ̀lé e, bí àwa náà ti ń ṣe. Ẹlẹ́ja á sì ka márùn-ún sínú agbọ̀n rẹ̀.