Ẹ̀SỌ̀ NI Ọ̀NÀ ERÉ YÍYÁ
Bí Ẹni Tí Kì Í Ṣe Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Ṣe Lè Túbọ̀ Yára Nínú Eré Ìje Kìlómítà 10

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré ìje, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í yá. Àwọn òǹwòran a máa hó yèè, ìlù a máa dún, ẹsẹ̀ a sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n kí eré náà tó dé ìdajì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde bí ọfà ni yóò ti fi ọwọ́ lé ìbàdí, tí wọn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn yóò sì máa kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré àsápajúdé ni Yorùbá ń pe irú eré bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta múra sílẹ̀, tí wọ́n ń sáré kíkankíkan lójoojúmọ́. Ibi tí àṣìṣe wọn sì wà gan-an nìyẹn: kíkankíkan, lójoojúmọ́.

Kìlómítà 10 ju máìlì 6 lọ díẹ̀. Irú eré ìje yìí ti di ohun tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 ni a kọ́kọ́ sá èyí tí a ń sá ní Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lórí ọ̀nà tí ó kún fún òkè. Ní ìlú Èkó pẹ̀lú, a máa ń sá kìlómítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ọ̀nà jíjìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2016. Àwọn ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó yára jù lọ ni ó ń gba owó níbẹ̀. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù, jẹ́ olùkọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Agogo ni wọ́n ń bá díje. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú 60 sá a ní ọdún kan ń fẹ́ fi ìṣẹ́jú 55 sá a ní ọdún kejì. Báwo ni yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní ṣe ara rẹ̀ léṣe?

OHUN TÍ ERÉ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ń béèrè afẹ́fẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gba afẹ́fẹ́ náà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rù ú, ọkàn ni ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ẹsẹ̀. Bí eré bá jẹ́ jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tí ń dé ẹsẹ̀ a máa tó ohun tí ẹsẹ̀ ń béèrè, ènìyàn a sì lè sáré pẹ́ láìdúró. Bí eré bá le ju bí ọkàn ti lè pèsè lọ, ẹsẹ̀ yóò wúwo bí òjé, èémí yóò já, eléré náà yóò sì dúró bí ó fẹ́ bí ó kọ̀.

Ṣùgbọ́n a lè tọ́ ara dàgbà. Eré jẹ́jẹ́ tí ó pẹ́, tí a ń sá léraléra fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, a máa mú kí ọkàn lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù. A máa mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀. A sì máa kọ́ ara láti lo ọ̀rá tí ó wà ní ìpamọ́, kí agbára tí iṣu àti ẹ̀kọ ń fún ni má baà tètè tán. Eegun, àti àwọn iṣan líle tí ó so ẹran mọ́ eegun, ń lágbára sí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra púpọ̀ ju ọkàn lọ. Nítorí náà, èémí ẹni tí ó kánjú lè ti gba eré náà, kí ojúgun àti orúnkún rẹ̀ má tíì gbà á. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ eré jẹ́jẹ́? Ẹnu ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń sá a gbọ́dọ̀ lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní odidi gbólóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ni ó lè sọ, eré náà ti le jù. Fún ẹni tí ó ń fi ìṣẹ́jú 60 sá kìlómítà 10, èyí túmọ̀ sí pé kí ó máa lo ìṣẹ́jú 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí kìlómítà kan ní ọjọ́ eré jẹ́jẹ́. Ojú a máa ti àwọn ọ̀dọ́ láti sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní títì, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìtìjú ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ẹ̀RÍ ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É

Arthur Lydiard, ará ìlú Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, jẹ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàtà. Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi dán ọ̀nà yìí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Peter Snell, ẹni tí eré rẹ̀ jẹ́ mítà 800 péré, èyí tí kò gbà á tó ìṣẹ́jú 2. Síbẹ̀ Lydiard a máa mú un sá máìlì 22 lórí àwọn òkè ní ọjọ́ Àìkú. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ní Ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Róòmù, Snell gba wúrà nínú mítà 800. Ní ọjọ́ kan náà, Murray Halberg, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Lydiard, gba wúrà nínú mítà 5,000.

Èyí kò sọ pé eré kíkan kò wúlò. Emil Zátopek, ará Czechoslovakia, ilẹ̀ tí ó pín sí méjì ní ọdún 1993, fi eré kíkan di olókìkí. Ṣùgbọ́n kì í sá a láìdáwọ́dúró. Mítà 400 ni ó máa ń sá kíkankíkan, yóò rọra sáré díẹ̀ kí èémí rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, yóò sì tún sá òmíràn, léraléra. Ní Helsinki ní ọdún 1952, ó gba wúrà nínú mítà 5,000, nínú mítà 10,000, àti nínú eré ọ̀nà jíjìn tí ó ju máìlì 26 lọ, èyí tí kò tíì sá rí ní ayé rẹ̀. Ní ọdún 1954, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sá mítà 10,000 ní àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú 29. Nígbà tí ó di ọdún 2020, Joshua Cheptegei, ọmọ ilẹ̀ Uganda, fi ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú-àáyá 11 sá a.

Ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin méjì wọ̀nyí kò tako ara wọn. Eré jẹ́jẹ́ ni ìpìlẹ̀ ilé, eré kíkan ni òrùlé. Bí a bá pín eré ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀nà 5, ó yẹ kí 4 jẹ́ jẹ́jẹ́, kí 1 jẹ́ kíkan.

ÈTÒ Ọ̀SẸ̀ KAN

Ètò yìí wà fún ẹni tí ó ti lè sá kìlómítà 5 láìdúró, tí ó sì ní ọ̀sẹ̀ 12 kí ọjọ́ eré tó pé.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ó sá eré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 40.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ eré kíkan. Kí ó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 15 sáré jẹ́jẹ́ kí ara lè gbóná. Lẹ́yìn náà, kí ó sá mítà 400 ní ìgbà 6, ní ìyára tí ó fẹ́ lò ní ọjọ́ ìje. Fún ẹni tí ó ń lépa ìṣẹ́jú 55, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó rìn tàbí kí ó rọra sáré fún ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn. Èyí tí ó sá kẹ́yìn kò gbọdọ̀ lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá lọ́ra, a jẹ́ pé ó ti kánjú. Bí agbára ti ń pọ̀ sí i, ó lè sún un dé ìgbà 10. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀lé e, kí ó fi eré àárín rọ́pò rẹ̀: ìṣẹ́jú 10 jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 20 ní eré tí ó le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò já èémí, àti ìṣẹ́jú 10 jẹ́jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sá ìṣẹ́jú 30 jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó sá eré gígùn jẹ́jẹ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kìlómítà 6, kí ó má sì fi ju kìlómítà 1 kún un ní ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi dé 13. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, kí ó dín gbogbo eré rẹ̀ kù díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìje, kí ó dín in kù sí ìdajì.

Kì í ṣe dandan kí ènìyàn ra ohun èlò olówó iyebíye láti wọn ọ̀nà. Ọlọ́kadà tí aago ìrìn alùpùpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè bá a wọn kìlómítà kọ̀ọ̀kan lójú títì, kí ó sì fi ọ̀dà sàmì sí i.

ÌSINMI ÀTI ÌLERA

Kì í ṣe ìgbà tí a ń sáré ni ara ń lágbára. Eré a máa mú ara rẹ̀, oorun àti oúnjẹ ni ó ń tún un ṣe tí ó fi ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ti lo ara rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí ó má ṣe fi eré kíkan kún un. Ìrora tí ó wà lójú kan lára eegun, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń sáré, kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgboyà ṣẹ́gun. Kí eléré dúró títí yóò fi lọ.

Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún tí kì í sáré tẹ́lẹ̀, tàbí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Ẹni tí àyà bá ń dùn nígbà tí ó ń sáré, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù láti sáré, kí oòrùn tó le. Kí eléré wọ aṣọ funfun, kí ó sì máa sá ní apá òsì títì, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí nínú ooru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára dé ibi ewu. Kí a gbé e sí abẹ́ ìbòji, kí a da omi tútù sí i lára, kí a fẹ́ ẹ, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò. Irú àìsàn yìí a máa pa ènìyàn.

ỌJỌ́ ÌJE

Kí eléré jẹ oúnjẹ tí ó ti mọ́ ọn lára, bí ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì, ní wákàtí 2 sí 3 kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni a ń dán oúnjẹ titun tàbí bàtà titun wò.

Ẹni tí ó ń lépa ìṣẹ́jú 55 gbọ́dọ̀ máa lo ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀ lórí kìlómítà kan. Kí ó fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 sá ti àkọ́kọ́, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá sá mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e bí ó ti yẹ, ìṣẹ́jú 27 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni agogo rẹ̀ yóò kà ní ìdajì ọ̀nà. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ni ó fi pẹ́. Yóò rí i gbà padà ní kìlómítà 2 ìkẹyìn, nígbà tí àwọn tí ó fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀ bá ń rìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bá eré yìí mu rẹ́gí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá lè gbà kí a fi òun sẹ́yìn ní ọjọ́ Ajé àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ni agogo yóò dá láre ní ọjọ́ ìje.