Ṣé òfin de pípa ẹṣin jẹ? Òótọ́ àbí irọ́?

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Kétu l'Ékòó, tí èéfín súyà bẹ̀rẹ̀ sí í rú, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó ń dúró de ẹran rẹ̀ tó sọ pé ẹṣin làwọn àbọ́kì ń sun fún wa. Ẹlòmíràn á ní rárá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ẹnìkẹta, tó mọ òfin ju adájọ́ lọ, á ní ìjọba ti fòfin de pípa ẹṣin, pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òfin Nàìjíríà ní a ò gbọdọ̀ pa ẹṣin jẹ." Irọ́ ni. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbò, oyè gidi ni Ogbu Inyinya, ìyẹn ẹni tó pa ẹṣin. Wọ́n ń pa ẹṣin níbi ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, wọ́n sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ohun tó wà nínú Criminal Code, ní abala 495, ni ìjìyà fún ẹni tó bá ń dá ẹranko lóró: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà! Kò tó ra igi súyà kan. Oró dídá ni òfin yẹn ń bá wí, kì í ṣe pípa jẹ.

Àwa Yorùbá gan-an kì í pa ẹṣin jẹ, kì í sì í ṣe òfin ló kọ́ wa. Òkè Ọya ni àwọn Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin tí wọ́n fi ń jagun, owó gọbọi ni wọ́n sì ń ná lé e lórí, nítorí pé bó bá wọ inú igbó, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ta ni yóò pa nǹkan olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀?

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́? Òun ni òfin dè." Ìdajì òótọ́ nìyí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà. Àwọn ará Ṣáínà ń se awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ejiao. Nígbà tí tiwọn ò tó mọ́, wọ́n yíjú sí Áfíríkà. Abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa gbé oyún tó ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí, nítorí náà pípa wọn máa ń yára ju bíbí wọn lọ. Burkina Faso àti Niger ti fòfin de kíkó wọn jáde láti 2016. Nàìjíríà náà ka kíkó wọn ránṣẹ́ sókè òkun léèwọ̀, síbẹ̀ ní oṣù kẹfà 2022, àwọn aṣọ́bodè gba nǹkan ọkùnrin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí 7,000, nínú àpò 16, ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Hong Kong ni wọ́n ń kó o lọ.

Pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nílé ńkọ́? Sẹ́nétọ̀ Yahaya Abdullahi láti Kebbi gbé àbá òfin lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà kí ìjọba lè máa darí pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n jíròrò rẹ̀ ní 2021, ṣùgbọ́n àbá náà kò di òfin lásìkò ilé yẹn. Ní oṣù kejì 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà pinnu ní Addis Ababa pé kí wọ́n dáwọ́ pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ dúró fún ọdún 15. *Nítorí awọ*, ẹ gbọ́ o.

Ará Mile 12 tó bá ní kò kan òun kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Nínú ọjà wa, alábàárù ló ń gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n kí àlùbọ́sà Aliero ní Kebbi tó dé inú tírélà, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé e kúrò lóko. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá wọ́n, ta ni yóò san owó rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń ra àlùbọ́sà?

"Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní haramu ni ẹran ẹṣin." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti da méjì pọ̀. Nínú hadith tí Bukhari gbà láti ọ̀dọ̀ Jabir, lọ́jọ́ Khaybar, Ànábì kọ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilé, ó sì yọ̀ǹda ti ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ Maliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀lé, kò fara mọ́ ẹṣin jíjẹ: wọ́n ní Sura Nahl, aya 8, sọ pé gígùn àti ẹ̀ṣọ́ ni ẹṣin wà fún. Èyí túmọ̀ sí pé àbọ́kì tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn yìí, ohun tí kò ní fi sẹ́nu ara rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń tà.

"Amẹ́ríkà ti fòfin de pípa ẹṣin pátápátá." Kò rí bẹ́ẹ̀. California dìbò láti fòfin dè é ní 1998, Texas ti ní òfin tirẹ̀ láti 1949, Illinois ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ọdún yẹn náà ni àwọn ilé ìpẹṣin mẹ́ta tó kù, méjì nítòsí Dallas ní Texas àti ọ̀kan ní DeKalb ní Illinois, kógbá sílé. Ìjọba àpapọ̀ wọn kò ní òfin tó dè é. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é: wọn kò fowó sílẹ̀ fún àwọn tó ń yẹ ẹran ẹṣin wò, ẹran tí wọn kò bá sì yẹ̀ wò kò ṣeé tà. Nítorí náà, wọ́n ń kó ẹṣin wọn lọ pa ní Kánádà àti Mẹ́síkò.

"Ẹṣin ni súyà Kétu." Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá, lójú tèmi irọ́ ni. Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, torí ẹni tó bá pa á nítorí awọ yóò fẹ́ ta ẹran rẹ̀. Ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀ bí ata bá ti bò ó. Ní ìlú Òyìnbó pàápàá, àyẹ̀wò DNA ló tú u fó ní 2013 pé bíi 29 nínú 100 ẹran tó wà nínú bọ́gà màlúù kan tí Tesco ń tà, ẹṣin ni. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ wa: kéèyàn máa fi orúkọ ẹran kan ta òmíràn.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ẹran fún yín pé ibo ni wọ́n ti pa á, dókítà ẹranko wo ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.