Ọkàn Ẹlòmíràn Láyà Ẹni

Lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 17, jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè fún láìsẹ́ǹsì tí yóò fi kọ́ mọ́tò wíwà. Bó ṣe fẹ́ parí ni wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n mú ẹ̀yà ara òun fún aláìsàn. Ó pè mí, ó ní, "Dádì, ṣé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ta ló bá a sọ̀rọ̀ ikú nínú ilé yìí. Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti kíṣìnnì, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ náà kàn wò wá, ó ní, "Ìbéèrè ni wọ́n bi mí, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀." Ojú tì mí. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún yẹ ìwé owó ẹlòmíràn wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mi ò lè dáhùn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló ń bà wá lẹ́rù jù.

Èdè wa wà lára ohun tó dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀. Ọkàn la ń pe ẹran tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà, ọkàn náà la tún ń pe ibi tí èrò àti ìfẹ́ wà. Tí wọ́n bá wá ní àwọn yọ ọkàn ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé onítọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ kan tilẹ̀ bi mí bóyá ẹni tó gbà á á wá fẹ́ràn oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn. Rárá o. Ọkàn tí dókítà ń sọ, iṣan ni, kò ju ìkúùkù ẹni lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Àrùn lè bà á jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, tó pọ̀ láàárín wa, sì lè bà á jẹ́ títí tí oògùn ò fi ní ràn án mọ́.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń gba ọkàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá, bóyá nínú ìjàǹbá mọ́tò tàbí torí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ nínú orí, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Kì í ṣe ẹni tó dákú tó lè jí o. Dókítà méjì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sì gbọdọ̀ sí lára àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ọkàn. Láti ọdún 2015, wọ́n tún ń lo ọkàn tó ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ nílẹ̀ Britain níbí. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń jí i padà.

Wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀ àti bí ara ṣe tóbi tó. Wọ́n á gbé ọkàn náà sínú yìnyín, wákàtí mẹ́rin péré ló ní. Kó tó dé, wọ́n ti ń la àyà ẹni tó fẹ́ gbà á, ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, wọ́n á yọ èyí tó bà jẹ́, wọ́n á sì rán tuntun mọ́ àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńláńlá. Tí ẹ̀jẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn ti já, wọn kì í sì í rán an padà. Nítorí náà, tí ajá bá gbó mọ́ ẹni náà lójijì ní Rye Lane, ẹ̀rù á bà á, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní tètè sáré. Ó dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé ìròyìn débẹ̀. Ẹ wá rí i pé ẹ̀rù kò gbé inú ẹran yẹn.

Christiaan Barnard ló kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn, ní Groote Schuur Hospital ní Cape Town, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1967. Louis Washkansky tí wọ́n ṣe é fún lo ọjọ́ 18. Ẹnì kejì tí Barnard ṣe é fún ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa mọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 1968 ni. Clive Haupt, ọmọ ọdún 24, ni olóògbé. "Coloured" ni ìjọba apartheid kọ ọ́ sí. Philip Blaiberg, oníṣègùn eyín, òyìnbó, ló gba ọkàn rẹ̀. Òfin ìlú wọn kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní etíkun, àmọ́ ọkàn Haupt lù láyà Blaiberg fún oṣù 19 ó lé. Ọkàn kò béèrè àwọ̀.

Ní May ọdún yẹn kan náà ni ti London níbí. Òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan tó já bọ́ níbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé láti King's College Hospital, Denmark Hill wa yìí, lọ sí National Heart Hospital. Ẹni tó gba ọkàn rẹ̀ lo oṣù kan ààbọ̀. Nígbà náà, ara ń bá ọkàn àjèjì jà, ni wọ́n bá pa á tì títí di 1979, nígbà tí Papworth tún bẹ̀rẹ̀. Oògùn ciclosporin, tí wọ́n rí lára ìran olú kékeré kan nínú erùpẹ̀ Norway, ló wá rọ̀ wọ́n lọ́rùn lẹ́yìn náà. Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì, ló sọ Harefield di olókìkí láti 1980. Òun kan náà ló wà níbẹ̀ ní Enugu lọ́dún 1974 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, nǹkan bí 200 ni wọ́n ń ṣe lọ́dún ní Britain, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo ju ọdún 10 lọ, bí wọ́n bá ń lo oògùn lójoojúmọ́ títí ayé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Keira Ball nígbà tí ìjàǹbá mọ́tò pa á lọ́dún 2017. Bàbá rẹ̀ gbà. Max Johnson, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tiẹ̀, ló gba ọkàn rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ yòókù sì ran àwọn mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pe òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2020: àgbàlagbà tó ti gbé níbí tó oṣù 12, tí kò bá sọ pé rárá, wọ́n á kà á sí pé ó gbà. Ti ọmọdé, òbí ló ni ín. Síbẹ̀ náà, wọ́n á ṣì bi ẹbí, tí ẹbí bá sì yarí, wọn kì í sábà ṣe é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní òru, ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì á bi ẹ pé kí ni olóògbé ì bá fẹ́, o ò sì mọ̀, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ikú nílé yín. Rárá ló máa jáde lẹ́nu ẹ. Àwa aláwọ̀ dúdú sì ń sọ rárá ju àwọn òyìnbó lọ. Ti ọkàn, irú ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n ara ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ti kíndìnrín, ara ẹni tí orírun yín jọra ló sábà máa ń bá tiyín mu, ìyẹn ló fi ń pẹ́ kó tó kan àwọn èèyàn wa. Ẹ mọ àwọn tí ọkọ̀ ń wá gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní dárúkọ.

Àwọn ìyá wa ń bi mí nípa ìsìnkú. Wọ́n máa ń rán ojú ibẹ̀ pa, wọn á wọ aṣọ òkè fún òkú, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jókòó sídìí tábìlì, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọbìnrin wa ní kí wọ́n mú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní òun ṣì ń rò ó. Èmi ní kí wọ́n mú tèmi, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ṣẹ́ nǹkan kan kù níbẹ̀. Ìyá wọn dákẹ́ pẹ́, ó wá ní kí wọ́n mú ọkàn, kí wọ́n mú kíndìnrín, àmọ́ kí wọ́n fi ojú òun sílẹ̀, torí òun ló fẹ́ fi dá ìyá òun mọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n gbà kéèyàn yan èyí tó bá fẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.