Ṣé o mọ̀? Ọkọ̀ ogun Jámánì tó wà nísàlẹ̀ omi Scapa Flow

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1919, ọ̀gágun ojú omi Ludwig von Reuter pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣí ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn kí omi lè wọlé, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má baà gba ọkọ̀ ogun 74 tí wọ́n há mọ́ Scapa Flow, ìyẹn omi òkun tí àwọn erékùṣù Orkney ní àríwá Scotland yí ká. 52 ló rì. Àwọn oníṣòwò irin gbé èyí tó pọ̀ jù jáde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá méje ṣì wà níbẹ̀.

Òmùwẹ̀ tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kí ó wọ aṣọ tí omi kò lè wọ̀ nítorí pé omi náà tutù nini, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ naitrojin tí agbára omi ti tì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà hó bí ọṣẹ, èyí tó lè sọ ènìyàn di arọ tàbí kó pa á.

Òfin dáàbò bo àwọn ọkọ̀ náà: wọ́n ṣeé wò, wọn kò ṣeé tú. Ti Royal Oak, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rì níbẹ̀ ní 1939 pẹ̀lú ènìyàn tó ju 800 lọ, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibojì ni wọ́n kà á sí, òmùwẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láìgba àṣẹ.