Irun Inú Àmì Funfun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí àmì funfun vitiligo bá yọ lára ọmọ, a mọ ohun tó ń jẹ òbí lọ́kàn: ṣé yóò tàn, ṣé yóò lọ? Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ o, kì í sì í ràn.

Ẹ wo irun ibẹ̀. Bó bá ṣì dúdú, ìrètí wà, torí ìdí irun ni àwọ̀ ti sábà máa ń padà yọ, tóótòòtó. Bó bá ti funfun, ìtọ́jú máa ń ṣòro. Ojú máa ń tètè gbà á. Orí ìka ọwọ́ tí kò nírun kì í gbọ́ bọ̀rọ̀.

Bí àmì kéékèèké bá ń yọ, tàbí tí ojú ibi tó ha bọ́ ń di funfun, ó ń tàn nìyẹn: ẹ tètè lọ rí dókítà awọ ara. Ìtọ́jú ìmọ́lẹ̀ ilé ìwòsàn sì ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tó bá pa á tì kó tó pé oṣù 6 kò tíì mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́.