Oníkóńdẹ́mù àti Ẹ̀rọ Tó Ti Kú

Oníkóńdẹ́mù ni ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń ra ohun èlò tó ti bàjẹ́. Ní Èmùré-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀, bí tẹlifíṣọ̀n bá ti kọ̀ fún ẹni tó ń tún un ṣe, tí fíríìjì kò tutù mọ́, òun ló ń gbà á kúrò nílé. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe.

Orí òṣùwọ̀n ni owó rẹ̀ wà: bàbà, álúmíníọ̀mù, irin. Kí bàbà tó kúrò nínú wáyà, iná ni wọ́n sábà ń fi sí i. Rọ́bà á yọ́, èéfín dúdú á gba ojú ọ̀run, bàbà á sì kù nínú eérú. Èéfín yẹn lóró gan-an. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó lẹ́yìn gbàǹgbà, òkúta ni wọ́n fi ń fọ́ ọ nítorí bàbà tó wé mọ́ ọrùn rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀, tí òjé wà nínú rẹ̀, kò ní oníbàárà; orí ààtàn ló ń parí sí. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, èyí kò sì ní àtúnṣe.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ìwádìí kan ní èbúté Èkó ní 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì fara pamọ́ sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Òmíràn ti kú kó tó gúnlẹ̀.

Òfin wà. Ní 1988, nígbà tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Kókó ní Nàìjíríà tú, ìjọba ológun ka kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé sí ọ̀ràn ńlá. Àjọ NESREA, tó ń mú kí wọ́n pa òfin àyíká mọ́, dé ní 2007. Ìlànà 2011 ní kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí tó kó o wọlé máa gbà á padà. Ẹgbẹ́ EPRON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, ló ń kó owó iṣẹ́ ìgbàpadà náà jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé.

Ṣùgbọ́n Èkó àti agbègbè rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ àtúnlò tó gbàṣẹ pọ̀ sí, ó sì jìnnà sí Èmùré. Ní Accra, ní Gánà, pẹ̀lú ìrànwọ́ Jámánì, wọ́n ṣí ibùdó kan tó ń ra wáyà tí iná kò tíì kàn lọ́wọ́ àwọn oníkóńdẹ́mù. Bí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bá dé gúúsù Èkìtì, níbi tí Èmùré wà, ó gbọ́dọ̀ san owó fún gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú, nítorí òun ni ẹnikẹ́ni kì í gbé.